Òkúta Ìpìlẹ̀ Ń Sọ Tirẹ̀, Àwọn Àgbà Ń Sọ Tiwọn: Kí Ni Ọjọ́ Orí Ṣọ́ọ̀ṣì Wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ àtúnṣe ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Àwọn àgbà ìjọ ní àwọn bàbá wa tó sá wá láti Abẹ́òkúta ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n fín sára òkúta ìpìlẹ̀ ti pẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Bíríkìlà sì ti dé. Ó fẹ́ ha ògiri tó ń bó, kí ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, kí ó wá lẹ táìlì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ta ni ká gbà gbọ́? Ṣé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí bíríkìlà sinmi ná. Ògiri tó fẹ́ bò yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí tó mọ ìtàn náà jù.

Àwọn àgbà lè jàre, kí òkúta náà sì jàre, nítorí ọjọ́ orí ìjọ yàtọ̀ sí ti ilé. Lọ́dún 1867, nígbà Ìfọ́lé, wọ́n lé àwọn Kristẹni kúrò l'Abẹ́òkúta, Gómìnà Glover sì fún wọn nílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Ìjọ yín lè ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà náà nínú ilé tí kò sí mọ́. Ẹ wo Cathedral Church of Christ ní Marina: 1867 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ lélẹ̀ níbẹ̀. Ní ti èyí tó dúró lónìí, 1925 ni Prince of Wales fi òkúta tirẹ̀ lélẹ̀, ó sì di 1946 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Òkúta ìpìlẹ̀ ń sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà míì, apá kan péré nínú ilé ló kàn.

Ẹ kọ́kọ́ lọ síta, sí igun tí ilé agogo ti pàdé ara ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ògiri ti bó. Ẹ wo bí àwọn bíríkì ṣe jókòó. Bí wọ́n bá kọ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíríkì apá kan á wọnú èkejì, bí ìka ọwọ́ méjì tí a kì bọ ara wọn. Bí ẹ bá rí ìlà kan tó tọ́ gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí bíríkì kankan kò ré e kọjá, a jẹ́ pé wọ́n ti kọ́ ọ̀kan tán kí wọ́n tó kọ́ èkejì tì í. Níbẹ̀ náà ni ògiri ti sábà máa ń sán, torí ilé tuntun ń rì díẹ̀díẹ̀ lórí iyanrìn Èkó nígbà tí ti àtijọ́ ti jókòó tán. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fàlà sí ibi tó sán náà parí sí, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bó bá kọjá ìlà yẹn, ẹ pe ẹnjiníà.

Lẹ́yìn náà, kí kápẹ́ńtà gun orí àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí òrùlé àtijọ́ bá kéré sí ti ìsinsìnyí, àpá ibi tó ti fara ti ògiri ilé agogo ṣì máa ń wà níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń kun ibẹ̀ lọ́dà.

Sìmẹ́ńtì nìkan kò lè sọ ọdún fún yín. Ọkọ̀ òkun ti ń kó o wá sí Èkó tipẹ́ kí ilé iṣẹ́ Ewékorò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìṣó ha ohun tí wọ́n fi lẹ bíríkì mọ́ra wọn. Bó bá rọ̀, tó funfun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹfun sísun, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní láìmù. Bó bá le, tó rí eérú-eérú, sìmẹ́ńtì ni.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ bíríkìlà ti wọlé. Ilẹ̀ Èkó kò jìnnà sómi. Ọ̀rinrin ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀, láìmù a sì máa jẹ́ kó jáde. Tí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì àti táìlì dí i, omi náà á dúró sínú, iyọ̀ inú rẹ̀ á máa jẹ bíríkì, bíríkì á rún lẹ́yìn táìlì tó ń dán. Láìmù ni kí wọ́n fi rẹ́ ògiri láìmù. Kí wọ́n sì tún ọ̀nà omi òjò ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí omi tó ń dà sẹ́sẹ̀ ògiri ló sábà ń fa bíbó náà.

Kí wọ́n má sì ha àyíká fèrèsé rárá. Lásìkò àwọn ọ̀gá bíríkìlà Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wálé, irú João Baptista da Costa tó kọ́ Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri náà ni wọ́n fi ń ya ọ̀ṣọ́ sí i. Ẹni tó bá ha á ti ha ọ̀ṣọ́ dànù. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Tinubu l'Ékòó, wà nínú ìwé ìjọba láti 1956 gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Ní ti ìwé, ìwé ìrìbọmi tó pẹ́ jù yóò sọ ọjọ́ orí ìjọ. Fún ilé, ẹ lọ sí National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ béèrè àwọn ìwé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ti ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn míì wà ní Yunifásítì Birmingham. Lẹ́tà tí àlùfáà fi tọrọ owó páànù tàbí bíríkì wúlò ju ìwé ayẹyẹ lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ tẹ ìwé ayẹyẹ tiyín, ẹ kọ ọdún ìjọ lọ́tọ̀, ọdún ara ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tọ̀, ti ilé agogo lọ́tọ̀.