Ṣé “dátà àtijọ́” ni “classical data”?

Ẹnì kan bi mí pé: “Mo ka ibì kan tí wọ́n ti túmọ̀ ‘classical data’ sí ‘dátà àtijọ́’, wọ́n sì ní ó gbọ́dọ̀ máa bá ìsọfúnni kúáńtọ́mù rìn. Ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí í lé. Kí ni wọ́n tún ń fi ti àtijọ́ ṣe?”

Ìtumọ̀ yẹn ló gbé yín ṣìnà, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ físíìsì kọ́kọ́ fi “classical” pe ohun tí wọ́n mọ̀ kí Max Planck tó ṣí ojú ọ̀nà kúáńtọ́mù, ìmọ̀ nípa ìwà àwọn ohun tó kéré jù lọ, ní 1900. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ká fi ìsọfúnni ránṣẹ́, ìwà ni orúkọ náà ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà lójú fóònù yín báyìí, classical ni. Íntánẹ́ẹ̀tì tó yára jù lọ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so lánàá, classical ni ohun tó ń gbé.

Kí wá ni ìwà náà? Bíìtì, ẹyọ ìsọfúnni tó kéré jù lọ nínú ẹ̀rọ, kò ju 0 tàbí 1 lọ. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní yí padà. Ẹ lè dà á kọ, kí ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́, kí ẹ fi ìkejì ránṣẹ́. Bó bá rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ á fún un lágbára, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kúbíìtì, ìyẹn bíìtì ti kúáńtọ́mù, kò gba ọ̀kankan nínú gbogbo èyí. Ó lè jẹ́ àdàlù 0 àti 1. Gbàrà tí ẹ bá wò ó, àdàlù náà tú, ó di ọ̀kan ṣoṣo, ìyókù sì ti lọ nìyẹn. Ní 1982, àwọn onímọ̀ físíìsì, Wootters pẹ̀lú Zurek, àti Dieks lọ́tọ̀, fi ìṣirò hàn pé kò sí ẹ̀rọ tó lè da kúbíìtì tí a kò mọ ìwà rẹ̀ kọ. Ẹ̀rọ tó ń fún iná inú okùn fáíbà, okùn gíláàsì tó ń gbé ìsọfúnni, lágbára kò sì wúlò fún un, torí ẹ̀dà ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣe.

Bó bá ṣe èmi ni wọ́n ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, “dátà aṣeédàkọ” ni màá pè é. Kò dùn létí tó “dátà àtijọ́”, mo gbà, àmọ́ kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹ wá wo ìdí tí wọ́n fi ń rìn pọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹrù kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì níwájú. Ráútà á kà á, á sì darí ẹrù náà. Ta ni yóò wá ka àdírẹ́sì ẹrù tó ń bàjẹ́ bí ojú bá ti kàn án? Wọ́n a fi iná lésà lásán, tó ṣeé kà, ṣáájú, kí fótọ́ọ̀nù kúáńtọ́mù, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó gbé kúbíìtì, máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Pennsylvania ṣe irú rẹ̀ ní 2025 lórí okùn fáíbà Verizon, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé aṣáájú yẹn kò kàn ń júwe ọ̀nà. Ooru àti gbígbọ̀n ilẹ̀ máa ń yí ìdúró iná padà nínú okùn. Ẹ ò lè wọn fótọ́ọ̀nù kúáńtọ́mù láti mọ ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ lè wọn èkejì tí wọ́n jọ gba ọ̀nà kan náà, kí ẹ sì ti ibẹ̀ mọ àtúnṣe tó yẹ.

Ìyẹn ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, teleportation ló sì wà níbẹ̀, ìyẹn ká gbé ìwà kúbíìtì kan láti ibì kan dé ibòmíràn láìgbé kúbíìtì fúnra rẹ̀. Bennett, Brassard àti àwọn mẹ́rin mìíràn ló gbé e jáde ní 1993. Ẹni tó ń fi ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà ti kọ́kọ́ pín fótọ́ọ̀nù méjì tí a so ìwà wọn pọ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fi ránṣẹ́ á kó kúbíìtì tó fẹ́ fi ránṣẹ́ pọ̀ mọ́ fótọ́ọ̀nù tirẹ̀, á sì wọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kúbíìtì náà bàjẹ́ síbẹ̀. Èsì mẹ́rin ló lè jáde, kò sì lè ṣà wọ́n: 00, 01, 10 tàbí 11. Bíìtì méjì péré yìí ni yóò fi ránṣẹ́ lójú ọ̀nà lásán. Bó bá jẹ́ 00, ẹni tó ń gbà kò ní fọwọ́ kan nǹkan. 01, kó pààrọ̀ 0 àti 1. 10, kó yí àmì (+ tàbí −) tó wà láàárín 0 àti 1 padà. 11, kó ṣe méjèèjì. Kúbíìtì náà á sì dá ṣáká sọ́wọ́ rẹ̀.

Kí bíìtì méjì yẹn tó dé ńkọ́? Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún un. Bó bá wọ̀n ọ́n, ìdajì ìgbà á jẹ́ 0, ìdajì á jẹ́ 1. Bíìtì náà sì gbọ́dọ̀ rin ìrìn tirẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú fáíbà. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ wa kò tíì dára tó láti yọ bíìtì méjì yẹn kúrò. Bí wọ́n bá ṣeé yọ, iṣẹ́ tí a rán á yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ìyẹn kò sì ṣeé ṣe.

BB84, ọ̀nà tí Bennett àti Brassard gbé jáde ní 1984 láti fi fótọ́ọ̀nù pín kọ́kọ́rọ́ àṣírí, náà kò lè dá dúró: lẹ́yìn tí fótọ́ọ̀nù bá ti kọjá tán, ẹni tó ń fi ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà gbọ́dọ̀ sọ ní gbangba bí wọ́n ṣe ṣètò tàbí wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì da bí ìdajì nù.

Ibi tí wàhálà wà ni kí dátà lásán àti kúáńtọ́mù jọ gba inú okùn kan náà. Iná lésà mílíwáàtì 1 péré, tí ìwọ̀n àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 1550, ń tú fótọ́ọ̀nù tó ju bílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù méje jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kúáńtọ́mù sì ń rán tirẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì inú okùn a máa yí àwọ̀ díẹ̀ nínú iná ńlá náà padà, èyí tí wọ́n ń pè ní Raman, ìdọ̀tí yẹn á sì ya wọ ọ̀nà ẹyọ kan yẹn. Ní 1997, Paul Townsend fi hàn pé wọ́n lè jọ gbé okùn kan: dátà ní 1550, kúáńtọ́mù ní 1300. Ní 2024, Prem Kumar àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Northwestern ṣe teleportation nínú okùn kìlómítà 30 tí dátà gígábíìtì 400 ń gbà kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá àwọ̀ tí ìdọ̀tí Raman kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, wọ́n gbé fótọ́ọ̀nù wọn síbẹ̀, wọ́n sì fi àsẹ́ tóóró dènà ìyókù lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń gbà á.