Bí ojú ìkókó bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wo àwọ̀ ìgbẹ́ rẹ̀

Ìyá ìkókó tó béèrè láti Mọ́níyà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, pé ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, pé ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun bí ògì, àti pé àwọn àgbà inú ilé ní kí ẹ máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, kí ẹ sì máa fún un ní omi glúkóòsì. Àwọn àmì yìí lè jẹ́ ti àìsàn kan tí ọ̀nà òróòro ọmọ ti dí, tí wọ́n ń pè ní biliary atresia. Mo bí ọmọ tó ní in ní Ìbàdàn níbí, ó sì ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ dá yín lóhùn ní kíkún. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ gbé ọmọ lọ bá dókítà àwọn ọmọdé lọ́la, kí ẹ sì mú ìlédìí tí ìgbẹ́ náà wà nínú rẹ̀ dání, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ibà pọ́njú ìkókó kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ bá gbó tó sì fọ́, ohun kan tó pọ́n, tí wọ́n ń pè ní bilirubin, máa ń jáde láti inú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á mú un, á so èròjà mìíràn mọ́ ọn kí ó lè yòrò nínú omi, á sì dà á pọ̀ mọ́ òróòro, tí yóò gba àwọn ọ̀nà tóóró kọjá dé inú ìfun. Òun ló ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀. Nínú ibà pọ́njú tó wọ́pọ̀ jù, yálà nítorí pé ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbó, tàbí nítorí àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa kí ó má baà fọ́, àìtó tó pọ̀ láàárín wa, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kí a má fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ ìkókó, bilirubin tí ẹ̀dọ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí ló ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn náà léwu, ó lè ba ọpọlọ jẹ́, iná aláwọ̀ búlúù ilé ìwòsàn sì ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìgbẹ́ bá funfun, tí ìtọ̀ sì dúdú, ó jọ pé ẹ̀dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, tí òróòro kò sì rí ọ̀nà jáde, tí bilirubin tó ti yòrò ń padà sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń bá ìtọ̀ jáde. Kò sí oòrùn tàbí omi glúkóòsì tó lè ṣí ọ̀nà tó dí.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ total bilirubin (àpapọ̀ gbogbo rẹ̀) àti direct bilirubin (èyí tí ẹ̀dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lé lórí) lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí mo ti rí èsì tó jẹ́ pé total nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sì sọ ohun tí à ń wá. Bí direct bá ju 1 mg/dL lọ, ó yẹ kí wọ́n wá ìdí rẹ̀ kíákíá. Àìsàn mìíràn lè fa irú èyí, bíi àkóràn tàbí àwọn àìsàn àbímọ́ni kan, ṣùgbọ́n èyí tí kò fàyè gba ìdúró ni biliary atresia, níbi tí àwọn ọ̀nà òróòro tó wà ní ìta ẹ̀dọ̀ ti wú, tí àpá sì ti dí wọn pa. Àwọn oníwádìí ní Houston, ní Amẹ́ríkà, tọpasẹ̀ àwọn ọmọ tó ní in padà sí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún wọn ní ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì tí wọ́n bí wọn, wọ́n sì rí i pé direct wọn ti ga nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀ràn kánjúkánjú ni pé òróòro tí kò rí ọ̀nà jáde máa ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra wọn jẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tí iṣẹ́ wọn ni láti tọ́jú fítámìn A pamọ́. Bí ìpalára bá ń bá a lọ, wọ́n á pa iṣẹ́ náà tì, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun àpá káàkiri, títí ẹ̀dọ̀ yóò fi le.

Wọ́n bi mí léèrè, nínú ilé àti lọ́jà Òjé, ohun tí mo jẹ nígbà oyún. Ìbéèrè yẹn dùn mí ju iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún ọmọ mi lọ. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò sí orísun àìsàn yìí: àwọn kan ń wo kòkòrò àrùn fáírọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn ń wo bí agbára àjẹsára ọmọ ṣe ń dojú kọ ọ̀nà òróòro rẹ̀. Ní Ọsirélíà, ní 1964, 1988 àti 2007, àwọn àgùntàn tó lóyún jẹ ewéko kan, wọ́n sì bí àwọn ọmọ tí ọ̀nà òróòro wọn ti bàjẹ́, nígbà tí kò sí nǹkan tó ṣe àwọn ìyá. Ní 2015 ni wọ́n ṣàwárí oró inú ewéko náà, tí wọ́n pè ní biliatresone. Kò sí ẹ̀rí pé èèyàn kankan kó àìsàn yìí láti ara ewéko yẹn. Ohun tó fi hàn ni pé nǹkan lè kan ọ̀nà òróòro ọmọ nínú oyún láìjẹ́ pé ìyá mọ̀ ọ́n lára. Kò sí ohun tí ẹ jẹ tí ẹnikẹ́ni lè nawọ́ sí.

Bí wọ́n bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí Morio Kasai gbé jáde ní Japan ní àwọn ọdún 1950 ni wọn yóò sọ̀rọ̀ lé. Wọ́n á gé ọ̀nà tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á sì fa apá kan lára ìfun wá so mọ́ abẹ́ ẹ̀dọ̀ kí òróòro lè máa sàn sínú rẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù bí ọmọ kò bá tíì pé ọgọ́ta ọjọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ kan fi ṣe pàtàkì sí yín báyìí. Kì í wo àìsàn náà tán. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ló ń nílò ẹ̀dọ̀ mìíràn tó bá yá, ṣùgbọ́n ó lè fún ọmọ ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ béèrè nípa fítámìn K kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ lọ́la, nítorí láìsí òróòro, ìfun kì í gba fítámìn A, D, E àti K dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ọmọ sì lè máa dà láìdúró. Ẹ má fún un ní àgbo kankan, nítorí ẹ̀dọ̀ tó ń jìyà yìí náà ni yóò ṣiṣẹ́ lé e lórí. Bí wọ́n bá sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ara gbígbóná tàbí ìgbẹ́ tó tún funfun lẹ́yìn rẹ̀ lè jẹ́ àkóràn nínú ọ̀nà òróòro. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ padà lọ, kódà bó bá jẹ́ òru.