Ọkàn ló ń ṣe Màmá, kí ló dé tí iyè wọn ń rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹni ọdún 71 ni màmá mi. Ẹ̀wà ni wọ́n ń tà ní Bódìjà kí ara tó kọ̀ fún wọn. Ó di ọdún méjì báyìí tí dókítà ti sọ fún wa pé ọkàn wọn ò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ. Ẹsẹ̀ wọn ń wú, ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń sùn. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé láti bí oṣù mẹ́rin ni iyè wọn ti ń rà. Obìnrin tó ń fi orí lásán mọ gbèsè tí ogún oníbàárà jẹ ẹ́! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ kan náà. Kí a tó jẹun tán, wọ́n ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá bàbá mi ti dé láti ibi iṣẹ́. Bàbá mi ti kú láti ọdún 2011. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àwọn ayé ni, ó fẹ́ kí wọ́n gun òkè àdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní arán ni, pé kò sí àgbà tí kì í ṣe. Ṣé nǹkan kan so ọkàn pọ̀ mọ́ ọpọlọ ni?
Àbíkẹ́yìn, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbíkẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ló so wọ́n pọ̀.

Ọpọlọ èèyàn ò wúwo tó kìló kan ààbọ̀, àmọ́ ọ̀jẹun ni. Bí a bá pín ọ́síjìn tí ara ń lò sọ́nà márùn-ún, òun nìkan á gba ọ̀kan. Kò sì ní àká, kò lè tọ́jú ti òní de ọ̀la. Ọkàn tó le koko máa ń ti bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan tí o bá jókòó jẹ́ẹ́. Fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà márùn-ún kan tó kún. Ọkàn tó ti rẹ̀ ò lè tì í tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ara á kọ́kọ́ dọ́gbọ́n sí i: á dín ti ẹsẹ̀ àti ti awọ kù kí ti ọpọlọ lè pé. Bó bá pẹ́, ọgbọ́n á tán. Ibi tí ọpọlọ ti ń fi ìrántí tuntun pa mọ́ wà lára ibi tí ìyà náà tètè ń dé. Ìyẹn ni màmá rẹ ṣe lè rántí iye tí kóńgò ẹ̀wà jẹ́ nígbà tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ, tí wọn ò sì rántí pé àwọn ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tó ń gbà wọlé. Bí ọkàn bá ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú rẹ̀, kí wóró kan já lọ dí òpó ẹ̀jẹ̀ tíńtín lọ́pọlọ, láìsí pé apá rọ tàbí ẹnu wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà tún wà ńbẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà ọkàn ní Abẹ́òkúta ka àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀, ju mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ba ọkàn jẹ́ sì lè ba ọpọlọ jẹ́ pẹ̀lú.

Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin pé irọ́ ni pé gbogbo àgbà ló ń ṣarán. Nílùú yín níbẹ̀, ní Ìdíkàn, ní ọdún 1992 ni àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn arúgbó lẹ́yìn láti wò ó. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà tó ti lé lẹ́ni ọdún 65, ẹyọ kan sí méjì ni arán ń mú lọ́dún kan.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, èmi náà ń gbàdúrà. Òkè ni mi ò fẹ́. Ẹni tó ń fi ìrọ̀rí mẹ́ta sùn, ṣé òun lẹ máa ní kó gun òkè? Kó tún wá gbààwẹ̀, kó sì pa oògùn tì? Kí pásítọ̀ wá sílé.

Jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n tèmi fún ọ, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọkàn ń ṣe òun náà. Agolo Bournvita ló ń kó oògùn sí. Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ó sì fi orúkọ ìyá wa tó ti kú pè mí. Mo gbé agolo yẹn, mo da oògùn tó ń mú un tọ̀ sórí tábìlì. Hóró 30 ni mo rà fún un lọ́jọ́ kìíní oṣù, ọ̀kan lóòjọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí, ó yẹ kó ku 21. Méje ni mo bá. Á lò ó, á gbàgbé, á tún lò ó. A gbé e lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, kò sì tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀, tó ń bá àwọn olóṣèlú jà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ nìyẹn. Ọkàn á mú kí wọ́n gbàgbé, ìgbàgbé á ba oògùn jẹ́, oògùn tó bàjẹ́ á tún padà wá lu ọkàn. Torí náà, gba oògùn lọ́wọ́ wọn lónìí. Ọlọ́jà ni wọ́n, má gbà á bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹ jọ máa kà á láràárọ̀, kí wọ́n máa pe iye rẹ̀ sókè.

Lẹ́yìn náà, kó gbogbo ohun tí wọ́n ń lò sínú ọ̀rá kan, àti àgbo, àti ti kẹ́mísìtì, kí o gbé e lọ fún dókítà. Piriton tí wọ́n fi ń wá oorun lè da orí àgbà rú. Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac máa ń dá omi dúró lára, ọkàn ò sì fẹ́ ẹ. Ní kí wọ́n yẹ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín, bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn tó, àti bí ọkàn ṣe ń lù. Máa wọn ìwúwo wọn láràárọ̀ kí wọ́n tó jẹun. Bó bá fi kìló 2 lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé. Bó bá sì jẹ́ pé lójijì ni orí wọn dàrú, tàbí ẹnu wọ́, ọwọ́ kan rọ, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru.

Ṣé iyè á padà? Díẹ̀ lè padà bí ìtọ́jú ọkàn bá tọ̀nà. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ti pa lọ́pọlọ kì í padà, mi ò ní tàn ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ bàbá yín. Má máa tún un sọ fún wọn pé ó ti kú, ọ̀fọ̀ tuntun ni létí wọn nígbàkúùgbà. Bi wọ́n léèrè ohun tó fẹ́ràn láti máa jẹ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n á sọ ọ́ fún ọ.