Òróró ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kì í ṣe lẹ́ńsì tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra lẹ́ńsì ojú tuntun (èyí tí ẹ ń gbé ojú lé) tí yóò sọ maikirosikóòpù yín ní Lafẹ́nwá di onílọ́po 2,000, nítorí pé kòkòrò ibà ń ṣe bàìbàì lójú yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì náwó yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo síláìdì ẹ̀jẹ̀, ìyẹn díńgí pẹlẹbẹ tí a tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí, ní Abẹ́òkúta níbí, iṣẹ́ náà sì ti fi yé mi pé kí nǹkan tóbi lójú ẹni yàtọ̀ sí kí ó hàn kedere.

Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá wo odò Ògùn láti orí afárá, ẹ ó rí i pé àpáta ńlá ń da ìgbì omi rú, ṣùgbọ́n igi tẹ́ẹ́rẹ́ kì í dí i lọ́wọ́, ńṣe ni ìgbì ń kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Bákan náà ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kọjá lára ohun tó bá kéré jù. Ernst Abbe, ará Jámánì, gbé òfin ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1873. Lára lẹ́ńsì yín, ẹ ó rí 40/0.65 àti 100/1.25: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìlọ́po tí lẹ́ńsì fi ń sọ nǹkan di ńlá, nọ́ńbà kejì ló ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ tí lẹ́ńsì lè gbà wọlé ṣe fẹ̀ tó. Ẹ fi ìlọ́po méjì rẹ̀ pín gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé bá jẹ́ 550 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà), lẹ́ńsì 40 yóò fún yín ní nǹkan bí 423, lẹ́ńsì 100 yóò sì fún yín ní 220. Àmì méjì tí àlàfo àárín wọn bá kéré sí ìyẹn yóò di ẹyọ kan ṣoṣo, bí ẹ tilẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po 10,000.

Ṣùgbọ́n 1.25 yẹn kò ṣeé ṣe láìsí òróró, nítorí pé nínú afẹ́fẹ́ nọ́ńbà náà kò lè kọjá 1. Ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ jáde kúrò nínú díńgí síláìdì bọ́ sínú afẹ́fẹ́ yóò yà kúrò lọ́nà, kò ní dé inú lẹ́ńsì. Òróró maikirosikóòpù, tí òṣùwọ̀n bí ó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 1.515, fẹ́rẹ̀ẹ́ bá díńgí dọ́gba, ìdí nìyẹn tí òróró ìdáná kò fi lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán kan, kí ẹ rọra sọ lẹ́ńsì 100 kalẹ̀ títí yóò fi kan òróró náà. Ẹ ó rí i tí ojú ibi tí ẹ ń wò yóò mọ́lẹ̀ sí i, tí àmì pupa kékeré inú kòkòrò náà yóò sì yà sọ́tọ̀ kúrò lára òrùka búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀.

Ẹ gbé kọ́ńdẹ́ńsà, ìyẹn lẹ́ńsì abẹ́ síláìdì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, sókè, kí ẹ sì ṣí ihò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa á dé kí àwòrán lè dúdú dáadáa, wọn kò mọ̀ pé àwọn ń gé agbára lẹ́ńsì kù. Bí ó bá ṣì ń ṣe bàìbàì lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ omi bọ́fà tí ẹ fi ń po Giemsa, aró tí a fi ń kun ẹ̀jẹ̀ kí kòkòrò lè hàn, wò, nítorí pé 7.2 ni ó yẹ kí pH omi náà (òṣùwọ̀n bí ó ṣe kan tó) jẹ́.