Ẹ Bi Wá: Pákó Tí Ẹyọ Rẹ̀ Kò Dọ́gba

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé mo lè pín pákó ínṣì 33 sí 32 sí onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba, kí méjì má tóbi bákan náà? – Káfíńtà kan, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ẹyọ 9. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni gígùn ẹ̀gbẹ́ ẹyọ kan ní ínṣì. Láti òsì, 18 àti 15 lókè. 14 àti 4 lábẹ́ 18. 7 àti 8 lábẹ́ 15. Ẹ ti 10 mọ́ ẹ̀gbẹ́ 14, lábẹ́ 4 àti 7. 1 bọ́ sí àlàfo tó kù lábẹ́ 7, 9 sì gba igun ọ̀tún nísàlẹ̀.

Ayùn ló máa dà yín láàmú: kò sí ìlà kan tó gba etí dé etí, ẹ ó gé ara ẹyọ mìíràn. Ẹ gé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó tò wọ́n.

Bí pákó fúnra rẹ̀ bá jẹ́ onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba, 112 sí 112, ẹyọ 21 ni. Duijvestijn, onímọ̀ ìṣirò ará Netherlands, ló fi kọ̀ǹpútà rí i ní 1978. Kò sí pákó ọlọ́gbọọgba tí iye ẹyọ rẹ̀ lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.