Ẹ má gbé ọmọ náà sá fún òṣìṣẹ́ wẹ́fíà

Okún o, ìyá wa. Ẹ sọ pé ilé ẹjọ́ fi ọmọkùnrin yín, ẹni ọdún 15 tí ó jí fóònù, sábẹ́ àmójútó òṣìṣẹ́ wẹ́fíà fún ọdún kan, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ tètè fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín ní Èkó kí ẹnu ayé lè kúrò lára yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọmọ ọdún 16 ni tèmi nígbà tí wọ́n ká bátìrì ọ̀kadà olówó mọ́ ọn lọ́wọ́ nílẹ̀ Yàgbà níbí. Kí adájọ́ tó dá ẹjọ́, obìnrin kan wá láti wẹ́fíà, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ìdáná mi, ó béèrè ẹni tí ń fún ọmọ náà lóúnjẹ alẹ́, ìgbà tí ó kúrò níléèwé àti ohun tí ó fà á. Ó tún lọ bá olùkọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ó ni bátìrì. Inú bí mi gidigidi, torí mo rò pé ẹ̀rí tí yóò fi sọ ọmọ mi sẹ́wọ̀n ni ó ń kó jọ, láìmọ̀ pé àkọsílẹ̀ yẹn gan-an ni adájọ́ yóò wò kí ó tó pinnu ibi tí ọmọ yóò gbé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, èyí tí ìpínlẹ̀ Kogí náà ti sọ di tirẹ̀, kò gbà kí a rán ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lẹ́wọ̀n, kò sì gbà kí a fi ẹgba jẹ ẹ́ níyà. Irú àmójútó tí wọ́n fi ọmọ yín sí yìí wà lára ohun tí ó fi rọ́pò rẹ̀: kí ọmọ máa gbé nílé, kí ẹni tí ìjọba yàn sì máa wò ó.

Adájọ́ ní kí n san owó bátìrì, ó sì fi ọmọ mi sábẹ́ àmójútó obìnrin náà; mo san owó náà. Lẹ́yìn oṣù méjì tí a ti ń lọ farahàn fún un, ojú àwọn ará ìjọ ń tì mí, mo fi ọmọ sínú mọ́tò Èkó lóru. Obìnrin náà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò bá a, ó sì di dandan fún un láti kọ̀wé sí ilé ẹjọ́. Èkó kò tún un ṣe. Garéèjì ni ó ń sùn kí oṣù tó parí. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, ohun tí wọ́n ń rò ni Bọ́sítálì, ilé àtúnṣe àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ sófin, èyí tí ó wà ní Ganmọ lẹ́bàá Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti lè fi ẹni tí ó ti pé ọdún 16, tí kò tíì pé 21, pamọ́ tó ọdún 3.

Obìnrin yẹn kan náà ni ó bá mi bẹ adájọ́. Ó wá oníwẹ́dà kan ní Ìsánlú tí ó gbà á sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀. Kì í béèrè bóyá ọmọ lọ síbi iṣẹ́; ọwọ́ rẹ̀ ni yóò gbà, yóò yí i sí ìmọ́lẹ̀, yóò máa wá ojú iná kéékèèké tí ń tò sẹ́yìn ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Ọjọ́ tí ó rí i pé wọ́n pọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ra ìbọ̀wọ́ fún un. Ọ̀kadà ni ó ń gùn wá, owó ara rẹ̀ ni ó sì fi ń san án lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà oṣù kan máa ń kọjá nígbà mìíràn tí kò lè wá. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ̀yin ni kí ẹ gbéra lọ bá a.

Ẹ gba ẹ̀dà àṣẹ ilé ẹjọ́ náà, ẹ máa kọ ọjọ́ ìfarahàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ sì mú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ dání, torí ọjọ́ orí rẹ̀ ni òfin ń wò. Tí ojú bá sì ń tì yín bí ó ti tì mí, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ náà. Tèmi gbà láti máa bá wa ní ṣọ́ọ̀bù oníwẹ́dà dípò ilé, kí àwọn aládùúgbò má baà máa ka iye ìgbà tí ó wá.