Wáyà wo ni kí n fi so tẹlifíṣọ̀n mọ́ soundbar: HDMI tàbí optical?

Bí tẹlifíṣọ̀n àti soundbar bá ní ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí (ọ̀nà tí ohùn tẹlifíṣọ̀n ń gbà lọ sí soundbar; eARC ló lágbára jù), HDMI ni kí o lò. Optical kò lè gbé ju PCM (ohùn tí wọn kò fún pọ̀) ẹlẹ́sípíkà méjì, tàbí ohùn 5.1 (ẹlẹ́sípíkà márùn-ún àti ti báàsì kan) tí wọ́n fi Dolby Digital tàbí DTS fún pọ̀ lọ, Atmos (ohùn Dolby tó ń dà bíi pé ó ń wá láti àyíká àti òkè) kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. ARC lè gbé Atmos tó bá wà nínú Dolby Digital Plus, irú èyí tí Netflix ń lò. Dolby TrueHD (ohùn tí kò pàdánù nǹkan kan) inú àwo Blu-ray ní tirẹ̀, àfi eARC.

Bí o bá ki wáyà náà bọ ihò HDMI mìíràn lára tẹlifíṣọ̀n, ohùn kò ní jáde. Wọ Settings, tan CEC, tó ń jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n àti soundbar lè darí ara wọn (Anynet+ ni Samsung ń pè é, Simplink ni ti LG), kí o sì yí ìjáde ohùn sí HDMI. Wáyà olówó gọbọi kò ní mú ohùn dùn ju èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa lọ, má fowó ṣòfò.

Tó bá jẹ́ optical nìkan lo ní, kọ́kọ́ yọ ike kékeré tó bo ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé èyí. Tan tẹlifíṣọ̀n, wàá rí iná pupa lẹ́nu wáyà náà. Má ṣẹ́ ẹ po, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí iná bá wà tí ohùn kò sì jáde, yí Digital Audio Out sí PCM: soundbar mìíràn wà tí kò lè tú Dolby tàbí DTS.